Ojú Òsì Ọkọ Mi

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta

Ìwé, kí n kọ́kọ́ ka èrè mi fún ọ.

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ orúkọ mi í kọ títí di òní, ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé yìí rèé. Ọmọ ọmọ mi ọkùnrin tó ń tún fíríìjì ṣe ti gbéyàwó. Ọmọbìnrin náà ga, ó mọ̀ọ̀yàn kí, mo fọwọ́ sí i. Àbúrò rẹ̀ bí ìbejì, obìnrin ni méjèèjì, wọ́n sì ti mọ ìjà. Àbíkẹ́yìn mi tí gbogbo ayé ti ní kò ní fẹ́ ẹnikẹ́ni — ó fẹ́ opó kan tó ní ọmọ mẹ́ta. Mo jèrè ọmọ mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹnikẹ́ni kò rọbí! Lékè gbogbo rẹ̀, Aránṣọ bí ọmọkùnrin.

Aránṣọ ni ọmọ ọmọ mi obìnrin tí mo fọwọ́ ara mi tọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni mo fi ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà, ó sì fẹ́ rin ìrìn àjò jíjìn, nítorí náà òun àti ọmọ máa wá lo oṣù kan gbáko lọ́dọ̀ mi. Ọmọ ti pé oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí mo rí i gbẹ̀yìn, ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ni, oorun ló ń sùn, kò lajú wò mí. Fóònù mi kì í sì í gba àwòrán.

Lọ́la ni wọ́n ń bọ̀!

Tíṣà kíláàsì àgbà ló ní kí olúkúlùkù wa ra ìwé kan, ká máa kọ ohun tí ojú wa rí lójoojúmọ́. Ó ní òun kò ní kà á. Mo ní, tí ẹ kò bá ní kà á, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé a kọ ọ́? Ó ní ìka ọwọ́ wa ló máa sọ fún òun. Ọmọ yẹn gbọ́n. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò tíì pé ọgbọ̀n, ṣùgbọ́n "Tíṣà, ẹ káàárọ̀" ni mo ń kí i. Ẹni tó kọ́ni ní ohun tí a kò mọ̀, ẹ̀gbọ́n ẹni ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì

Wọ́n ti dé! Mò ń kánjú kọ ọ́, ìwé, fojú fo lẹ́tà mi.

Mo ṣí aṣọ lójú ọmọ. Ojú ọ̀tún là rekete, ó ń wò mí bí ọlọ́pàá. Ojú òsì — ìpéǹpéjú rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, ó bo ojú náà, ìlà tín-ín-rín kan ló kù nísàlẹ̀. Mo kígbe. Igbe ẹ̀rù kọ́ o. Igbe ayọ̀! Ojú baálé mi ni! Ojú òsì baálé mi gan-an, bó ṣe máa ń rọ̀ bí aṣọ fèrèsé tí ìṣó kan ti yọ lára rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá tó ti lọ, n kò rí irú ojú yẹn mọ́ lára ẹnikẹ́ni. Òun rèé tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé padà.

Lójú ẹsẹ̀ ni mo ti sọ ọ́ ní Ọkọ Mi Kékeré.

Mo gbé e lọ síwájú fọ́tò baálé mi lórí ògiri. Fọ́tò náà kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo ti ń tọ́jú owó pamọ́ kí ayàwòrán lè bá mi sọ ọ́ di ńlá. Ní báyìí mo ti mọ bí màá ṣe ṣe é: bàbá lápá kan, ọmọ lápá kejì. Ojú kan náà, férémù kan náà!

Mo ránṣẹ́ pe Alága. Àbúrò baálé mi obìnrin ni, ilé kẹta sí wa ló ń gbé. Kò sí ẹgbẹ́ tó fi í ṣe alága, òun ló fi ara rẹ̀ ṣe alága ohun gbogbo. Ó ti wà nínú ilé kí n tó wọ̀ ọ́, nítorí náà, pẹ̀lú ewú orí mi yìí, "ìyàwó" ló ṣì ń pè mí, "ọkọ mi" ni èmi náà sì ń pè é. Ó wọlé, ó wo ọmọ, ó wo fọ́tò, ó ká ọwọ́ lérí.

"Ìyàwó, ẹ̀gbọ́n mi rèé! Ó ti ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n má tú àṣírí òun!"

A rẹ́rìn-ín títí aládùúgbò fi kan ògiri.

Aránṣọ rẹ́rìn-ín náà, àmọ́ tirẹ̀ kò pẹ́. Ó ní àwọn tó gbẹ̀bí òun sọ pé ojú náà máa là fúnra rẹ̀. Mo ní, kí ló tún fẹ́ là sí? Bíbí ire kò ṣeé fowó rà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Mo ka ojú ìwé kan tán láìfi ìka tọ̀ ọ́. Odindi ojú ìwé!

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Mo ròyìn Ọkọ Mi Kékeré ní kíláàsì. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Bíríkìlà, ẹni tó ń jókòó tì mí — ó fi iṣẹ́ ilé kíkọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀ ọ́ — ní, "Ìyá, ẹ ṣọ́ra o. Ọkọ tó bá padà dé máa béèrè gbogbo oúnjẹ tẹ́ ẹ dá jẹ láti ọjọ́ yìí." Aláìnítìjú.

Mo ṣàkíyèsí nǹkan kan. Tí ọmọ yìí bá fẹ́ wo èèyàn, ńṣe ló máa ń gbé àgbọ̀n sókè, táá wá máa wo èèyàn láti abẹ́ ojú, bí onílé tí ayálégbé jẹ ní gbèsè. Baálé mi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ìgbéraga ni mo kà á sí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

A gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nọ́ọ̀sì — obìnrin kúkúrú, ohùn rẹ̀ ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ — wọn ọmọ, ó gún un, ó kọ ọ́ sínú káàdì. A ti ń dìde. Ó ní, "Ẹ jókòó ná."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì, èyí tó rọ̀. Ọmọ ń fi ṣíbí ṣeré, kò tilẹ̀ mọ̀. Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó fi bo ojú ọ̀tún, èyí tó là. Háà! Igbe! Ó gbá ọwọ́ nọ́ọ̀sì dànù, ó ju ṣíbí nù, ó ń ju orí kiri. Nọ́ọ̀sì tún un ṣe. Bákan náà.

"Ìyá àgbà, ṣé ẹ rí i? A gba ojú òsì lọ́wọ́ rẹ̀, kò bínú. Kò fi í ṣe nǹkan kan ni."

Ó kọ ìwé fún wa sí ilé ìwòsàn ojú fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí ìpéǹpéjú náà. Ó kọ "kíákíá", ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Mo kà á fúnra mi. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo kà láyé mi tí kò dùn mọ́ mi.

Nígbà tí Aránṣọ ń wẹ̀, mo dán an wò nílé. Mo fọwọ́ bo òsì, ó rẹ́rìn-ín. Mo bo ọ̀tún, ó ké bí ẹni tí wọ́n ń jà lólè.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Ìpàdé ẹbí. Èmi, Alága, Aránṣọ, àti ohùn ọkọ Aránṣọ nínú fóònù.

Alága dìde dúró kó tó sọ̀rọ̀, bó ṣe máa ń ṣe. "Abẹ? Lójú tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀ fún wa? Ta ní ń fọwọ́ ara rẹ̀ pa àmì ilé rẹ̀ rẹ́?" Ó ní ẹ̀gbọ́n òun fi ojú yẹn kọ́lé, ó fi í gbéyàwó, ó fi í bí ọmọ mẹ́fà, kí ni ojú mìíràn tún ń ṣe?

Mo gbè é lẹ́yìn. Mo ní ojú tó máa báni kalẹ́ kì í tòwúrọ̀ ṣepin. Ojú baálé mi bá a kalẹ́, ti ọmọ yìí náà á bá a kalẹ́.

Aránṣọ kò gbé orí sókè. Ó ń yọ òwú lára aṣọ tí kò sí òwú lára rẹ̀. Ó wá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́: "Màmá, òwúrọ̀ la ṣì wà yìí o, èyí sì ti ń ṣepin."

Inú fóònù ni ọkọ rẹ̀ ti ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ la máa ṣe." Alága pàtẹ́wọ́, ó rò pé ó ti parí.

Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ wà báyìí. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á gbé ìpéǹpéjú náà sókè. Bí mo bá ní rárá, bó ṣe wà yìí ni yóò wà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Aránṣọ kí mi káàárọ̀. Kò wo ojú mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo ní ká lọ gbọ́ tẹnu wọn ná. Etí kì í ṣẹ̀jẹ̀ nítorí pé ó gbọ́rọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Ìwé, jókòó dáadáa, ọ̀rọ̀ pọ̀!

Ilé ìwòsàn ojú, alájà mẹ́ta. Aránṣọ fẹ́ béèrè ọ̀nà, mo ní jẹ́ẹ́. Mo gbé awò ojú mi wọ̀. Mo ń ka ara ilẹ̀kùn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan: OWÓ. OÒGÙN. ILÉ ÌGBỌ̀NSẸ̀ — mo fi èyí pamọ́ sọ́kàn. AWÒ OJÚ. Ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀: ÌPÉǸPÉJÚ ÀTI IHÒ OJÚ. "Ibí ni!" Mo pariwo débi pé ọkùnrin kan tí wọ́n fi báńdéèjì di ojú rẹ̀ méjèèjì dìde dúró, ó rò pé wọ́n pe òun.

Kò sí ohun tí kò lè ṣe ìpéǹpéjú. Mo ti ń fi tèmi ṣẹ́jú láti kékeré, n kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí! Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ṣẹ́rí wọnú, gbogbo ìgbà tó bá ṣẹ́jú ni irun náà ń gbá ẹyinjú rẹ̀ bí ìgbálẹ̀. Arákùnrin kan tí ojú rẹ̀ yọ síta bí ẹni tí ẹ̀rù bà, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ balẹ̀ ju tiwa lọ. Ó ní ọrùn ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀ kó tó máa ti ojú síta láti ẹ̀yìn. Káfíńtà kan, pákó ló gbá a, egungun ìsàlẹ̀ ihò ojú rẹ̀ fọ́, ojú sì rì wọlé díẹ̀. Tó bá wo òkè, nǹkan kan á di méjì. Ó ní ìyàwó òun ti di méjì, owó oúnjẹ kò kúrò ní ẹyọ kan. Èmi àti òun rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi wò wá.

Wọ́n pè wá. Dókítà Ìpéǹpéjú — bí mo ṣe ń pè é nìyẹn — obìnrin tín-ín-rín tó wọ bàtà eré sísá, tó ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó kúnlẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè bá ti ọmọ dọ́gba. Ó gbé rúlà kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ iwájú orí rẹ̀, ó tan iná kékeré síbí, ó tàn án sọ́hùn-ún, ó ń kọrin sí i lábẹ́ èémí. Ọkọ Mi Kékeré gbé àgbọ̀n sókè, ó ń wò ó bí onílé.

"Ẹ wo àgbọ̀n yẹn, Màmá. Abẹ́ aṣọ fèrèsé ló ń yọjú wò wá."

Ìgbéraga kọ́!

Ó ní iṣan tó ń gbé ìpéǹpéjú òsì sókè kò lágbára, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹwà kọ́ ló kan òun. "Wọn kì í bí ojú ní ọ̀mọ̀wé. Ojú ń kọ́ ìríran ni, ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́ sì ni iléèwé rẹ̀. Tí ìpéǹpéjú bá bò ó ní gbogbo ìgbà yẹn, ọpọlọ á pa á tì, á máa bá ojú kejì ṣe. Tẹ́ ẹ bá wá gbé e sókè lẹ́yìn tó dàgbà, ojú á là o, àmọ́ kò ní ríran."

Mo ní, Dókítà, ẹ̀kọ́ kò lópin. Èmi tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, mo ti darúgbó kí n tó mọ A yàtọ̀ sí B. Ó rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ mi mú. "Iléèwé tiyín ṣí sílẹ̀ títí ayé, Màmá. Ní ti ojú, wọ́n máa ń ti géètì rẹ̀."

Ó béèrè bóyá ẹnì kan nínú ẹbí nírú ojú yìí. Mo na ara tán. Mo ní baálé mi! Àmì ilé wa ni!

"Ṣé ojú náà ríran?"

Mo ní ó ríran dáadáa.

"Ṣé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Ọdún mọ́kàndínlógójì lábẹ́ òrùlé kan. N kò bi í rí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

N kò lọ sí kíláàsì. Mo fẹ́ ronú.

Apá òsì. Tí èmi àti baálé mi bá jọ ń rìn lójú títì, apá òsì rẹ̀ ló máa ń fi mí sí. Tí mo bá ṣèèṣì bọ́ sọ́tùn-ún, á yí po, á fà mí padà. "Ibi tìẹ nìyẹn." Lọ́jọ́ tí mo béèrè ìdí, ó ní ọ̀dọ̀ òsì ni ọkàn wà. Ìwé, mo fi ọ̀rọ̀ yẹn yangàn fún gbogbo obìnrin àdúgbò! Mo fi pa wọ́n lára!

Omi tó máa ń dà sí ẹ̀gbẹ́ ife. Èjìká òsì tó máa ń gbá férémù ilẹ̀kùn — mo máa ń ní, "Bàbá, ilẹ̀kùn yẹn kò tíì kó kúrò níbẹ̀ láti àná o." Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ń sùn, kí ògiri wà lósì. Mo gbé àga, mo gùn ún, mo wo fọ́tò náà súnmọ́. Ó yí orí díẹ̀, kí ojú ọ̀tún lè bọ́ síwájú. Mo ti ń nu fọ́tò yẹn láràárọ̀ fún ọdún mọ́kànlá.

Wọ́n ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ọkùnrin yìí fi mí ṣe ojú òsì rẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógójì, kò sọ fún mi! Inú bí mi. Mo rẹ́rìn-ín. Mo sunkún díẹ̀. Mo tún rẹ́rìn-ín. Èèyàn kì í fi ẹni tí kò fọkàn tán ṣe ojú.

Mo lọ bá Alága. Mo ní, "Ọkọ mi, nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé, ǹjẹ́ ẹ̀gbọ́n yín fi ojú òsì ríran?" Ó ti fẹ́ bú mi, ó sì dúró. Ó ní eré kan wà tí àwọn máa ń ṣe. Àwọn á yọ́ gba apá òsì rẹ̀, àwọn á gbá a ní ìpàkọ́, àwọn á sá lọ. Kì í mọ ẹni tó gbá òun láéláé. "A rò pé ó ń díbọ́n ni, kí inú wa lè dùn."

Ó fi ọwọ́ kan ìpàkọ́ ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìyàwó, kò rí wa."

Mo ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó pè mí padà. "Ẹ lọ gbé ìpéǹpéjú ọmọ yẹn sókè. Ẹni tó bá gbá a ní ìpàkọ́, kó lè rí i, kó gbá a padà."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Mo ti sọ ọ́! Mo pe ọkọ Aránṣọ, mo ní kí wọ́n gbé e sókè. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, ojú rẹ̀ ńkọ́? Aránṣọ gbá mi mọ́ra, abẹ́rẹ́ tó fi há àyà aṣọ gún mi. Mo fara dà á.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Bíríkìlà ní fèrèsé tó bá wọ́, wọn kì í pè é ní àmì ilé, títún ni wọ́n ń tún un ṣe. Mo ní kí ló dé tí ẹ kò sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́sí? Ó ní ẹnu mi lòun bẹ̀rù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Òní ni wọ́n ṣe é.

Dókítà Ìpéǹpéjú ṣàlàyé fún wa kó tó gbé e wọlé. Wọ́n á fún un ní oògùn oorun. Okùn tín-ín-rín kan tó ń fà bí rọ́bà ni wọ́n á fi gba abẹ́ awọ, láti ara ìpéǹpéjú lọ so mọ́ iṣan iwájú orí. Tí ọmọ bá ti gbé iwájú orí, ìpéǹpéjú á bá a lọ sókè.

Aránṣọ ní, "Bíi rọ́bà ìbàdí ṣòkòtò."

"Gan-an ni. Ẹ ṣáà má sọ fún ọ̀gá wa pé ṣòkòtò ni mò ń rán níbí."

Wọ́n gbé e wọlé. Ilẹ̀kùn pa dé. Mo wá rí i pé gbogbo ẹ̀rín wa ti bá a wọlé. Ọwọ́ Aránṣọ tutù nínú tèmi. Alága gbé àga tirẹ̀ tó ṣeé ká pọ̀ wá látilé, ó ní àga ilé ìwòsàn kì í bá òun lára mu. Ó jókòó sí àárín ọ̀nà, gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń bi léèrè ohun tó ṣe ojú rẹ̀. Èmi ń ka ara ògiri. Mo ka gbogbo rẹ̀ tán, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. "Ẹ má fọwọ́ nu ojú. Ẹ má fọwọ́ nu ojú." Omi ń bọ́ lójú mi, mo fọwọ́ nù ún.

Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, ojú wú, ó pọ́n, báńdéèjì bò ó, ẹnu nìkan ló kù. Ẹnu náà ń ké. Igbe tó dùn jù ní etí mi!

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Wọ́n ṣí báńdéèjì. Ojú méjì! Ọmọ yìí ní ojú méjì! Ọmọlójú òsì dúdú, ó tóbi, ó ń dán, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Alága jó nínú wọ́ọ̀dù, wọ́n lé e síta, ó jó níta.

Nígbà tí a délé, mo gbé e lọ síwájú fọ́tò. Wọn kò jọra mọ́. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún, ìwé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

Tó bá sùn, ojú òsì kì í pa dé tán. Dókítà ti kìlọ̀ fún wa tẹ́lẹ̀, ó fún wa ní oògùn tí a ó máa fi sí i kó má baà gbẹ. Síbẹ̀ ó dẹ́rù ba mi: mo yọjú sí i, ó ń hanrun, ó sì ń wò mí. Alága ti sọ ọ́ ní Gáàdì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo rò pé a ti parí. A kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ilẹ̀kùn ti ṣí, àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti sẹ́yìn. Ojú òsì là, kò mọ ohun tó ń wò. Ká máa lẹ nǹkan mọ́ ojú ọ̀tún, èyí tó dára, fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́, kí òsì lè kọ́ṣẹ́. Fún oṣù púpọ̀. Bóyá fún ọdún. Ó ní tí a kò bá ṣe é, iṣẹ́ abẹ yẹn di aṣọ tuntun lára òkú ojú.

Ká dí èyí tó ríran, kí èyí tí kò ríran lè ríran! Mo ní kó tún un sọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Ó ya àkọ́kọ́ dànù. Ó ya ìkejì. Ó jẹ ìkẹta. Aránṣọ sunkún, ọmọ sunkún, Alága ní ká fi ọmọlọ́mọ sílẹ̀, mo lé Alága lọ sílé. Èmi, ìyàwó!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo ti rí ọgbọ́n rẹ̀! Mo ń bá iṣẹ́ Tíṣà lọ lórí ẹní, mo ń kà á sókè. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dí lójú, tó ń jà — ó dákẹ́. Ó ń gbọ́. Mo dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo ń kà, ó dákẹ́. Nítorí náà, láti òní, kíláàsì kan náà la wà. Tí wọ́n bá ti lẹ nǹkan mọ́ ojú rẹ̀, màá gbé awò ojú tèmi wọ̀, a ó jókòó. Mo ń fi àwòrán inú ìwé hàn án: ife. Àga. Ẹyẹ. Òun pẹ̀lú ojú òsì, èmi pẹ̀lú ìwé kíkà kejì. Àwa méjèèjì la pẹ́ wọlé, ṣùgbọ́n wọn kò tíì ti géètì mọ́ wa.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin

Ó yí orí sí mi. Àmọ́ ohùn mi ló gbọ́. Ohùn kọ́ là ń wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin

Ọkọ Aránṣọ ti dé, lọ́la ni wọ́n ń lọ. Ó ń pa ọwọ́ pọ̀ kiri nínú ilé, ó ń wo ojú ọmọ rẹ̀, ó ń bi wá bóyá yóò ríran.

Mo ní kí gbogbo wọn jáde sí ìta. Alága náà. Kí wọ́n tó jáde, wọ́n lẹ nǹkan mọ́ ojú ọ̀tún ọmọ, wọ́n gbé e jókòó sórí ẹní. Mo bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ mi kó má baà dún. Mo bọ́ bàtà. Mo gba ẹ̀yìn rẹ̀, mo lọ jókòó sí apá òsì rẹ̀, ibi tèmi. N kò sọ̀rọ̀. N kò rẹ́rìn-ín. N kò mí.

Ó ń lá ìka rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn. Ọkàn mi ń lù, mo bẹ̀rù pé ó máa gbọ́ ọ.

Ó yí orí. Ó wò mí. Àgbọ̀n rẹ̀ kò gòkè o, ó dọ́gba, bí tèmi, bí ti gbogbo èèyàn! Ó wò mí pẹ́. Ó wá na ọwọ́ tó kún fún itọ́, tààrà, kò ṣì í, ó já awò ojú kúrò lójú mi.

Nísinsìnyí èmi ni kò ríran! Mo ń pariwo, mo ń wá awò ojú, wọ́n ya wọlé, wọ́n rò pé mo ṣubú. Mo ní, apá òsì ni mo wà! Ẹ wò ó, apá òsì ni mo wà!

Alága jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, òun tí kì í jókòó sórí àga ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá

Aránṣọ pè. Ọmọ ń ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ ti tán, ó sì ti ń fi aṣọ àgékù rán òmíràn, kì í dúró. Kò béèrè nǹkan kan. Ọmọ tí mo tọ́ ni.

Mo wo fọ́tò orí ògiri. Kò tóbi, àmọ́ mo ti mọ bí a ṣe ń wò ó báyìí. Mo kó owó férémù jáde.

Ní báńkì, ọmọbìnrin ẹ̀yìn gíláàsì rí mi, ó na ọwọ́ mú íńkì tí mo máa ń tẹ̀ka sí. Mo ní dá a padà. Bíírò ni kó o fún mi. Mo kọ orúkọ mi. Mo kọ orúkọ Aránṣọ, èyí tí wọ́n sọ ọ́ gan-an. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tí owó náà wà fún, mo kọ ọ́: Fún ojú òsì ọkọ mi.

Ó kà á. Ojú rẹ̀ rọ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ṣé ara bàbá ti ń yá?"

Mo ní ara wọn yá. Eyín wọn kẹta ló ń hù lọ́wọ́.

Ó ṣì ń wò mí nígbà tí mo kọ iye owó náà ní nọ́ńbà. Wọ́n ní kí n tún un kọ ní ọ̀rọ̀. Mo fara balẹ̀, mo fi àmì sórí gbogbo lẹ́tà, kò sí èyí tí mo fò: ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún géérégé.